Tẹ́ ẹ bá ń lọ òkè òkun ní Sẹ̀tẹ́ńbà tàbí Ọkitóbà, bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe máa bá yín rèé

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìsánlú, nílẹ̀ Okun wa ní Kogi, inú wọn ń dùn ṣìnkìn, físà ọmọ wọn ti jáde, ọmọ náà fẹ́ lọ kàwé ní UK, ọ̀sẹ̀ kejì nínú Sẹ̀tẹ́ńbà ló máa wọkọ̀. A dúpẹ́, a gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni wọ́n tan kámẹ́rà fóònù wọn kí n lè rí nǹkan. Kóòtù ni. Kóòtù dúdú kan tó gùn dé orókùn, onírun lọ́rùn, ó ki bíi tìmùtìmù, ọjà Kàbà ni wọ́n ti rà á níbi òkìríkà, wọ́n tiẹ̀ ti gbé e sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kaṣú, ó lé ní kílò mẹ́ta. Wọ́n ní "àbúrò mi, òtútù ò ní rí ọmọ mi gbé ṣe." Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bàtà hàn mí, kánfáàsì funfun gbòò, ẹyọ kan ṣoṣo tí ọmọ máa wọ̀ lọ.

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú gan-an, ṣùgbọ́n kóòtù yẹn, ọmọ yìí ò ní wọ̀ ọ́ kí Nòfẹ́ńbà tó dé, bàtà yẹn ni òjò máa kọ́kọ́ bá jà. Ọ̀rọ̀ náà gùn, a sọ ọ́ fún bíi wákàtí kan, ìgbà tá a parí ẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń lọ láàárín oṣù méjì yìí, Sẹ̀tẹ́ńbà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì UK àti Kánádà ń wọlé, tọkọtaya ń lọ, àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ń lọ, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù, òtútù. Èmi náà bẹ̀rù ẹ̀ nígbà tí mo ń bọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti wà ní Leeds ní UK báyìí, ohun tí mo rí ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ́tọ̀ọ̀mù kì í fi òtútù pa èèyàn, yíyí ló ń yí. Àárọ̀ ọ̀tọ̀, ọ̀sán ọ̀tọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọ̀tọ̀, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Omi àti atẹ́gùn ló sì ń dá èèyàn lóró ju nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí lórí fóònù lọ. Ẹni tó bá múra de èyí ti múra tán.

Ọ́tọ̀ọ̀mù yìí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ń pè ní fọ́ọ̀lù, ìgbà tí igi ń wọ́wé ni. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń kà á láti 1 Sẹ̀tẹ́ńbà dé ìparí Nòfẹ́ńbà, àwọn tó ń wo ìrìn oòrùn ní tiwọn ní 22 tàbí 23 Sẹ̀tẹ́ńbà ló bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba. Lọ́dọ̀ wa igi máa ń wọ́wé nígbà ọyẹ́ torí pé ilẹ̀ ti gbẹ, níbí ìmọ́lẹ̀ ló ń dín kù, igi á mọ̀ pé ọjọ́ ti ń kúrú, á jáwọ́ nínú pípèsè àwọ̀ tútù inú ewé, yẹ́lò tó ti wà lábẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá yọ síta, àwọn igi míì á pọ́n bí epo. Ó lẹ́wà, mi ò lè parọ́, ẹ máa ya fọ́tò títí.

Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe rí lára, ẹ fi tilé wọ̀n ọ́n. Ẹ rántí àárọ̀ Ògọ́ọ́sì ní Kàbà lẹ́yìn òjò tó rọ̀ mọ́jú, kùrukùru bo gbogbo òkè yẹn, ẹ ò rí ṣóńṣó ẹ̀, àwọn tó ń lọ oko lórí ọ̀kadà ti fi súẹ́tà bo tọ́wọ̀ọ̀lù, ìyá alákàrà fà mọ́ iná. Àárọ̀ yẹn tá à ń gbọ̀n yẹn, bíi dígírì 21 ni. Ó dáa, dígírì 20 ni ọ̀sán gangan ní Lọ́ńdọ̀nù ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ọ̀sán tí àwọn òyìnbó ń fi ṣòkòtò péńpé rìn kiri. Tó bá wá di òru ó máa wálẹ̀ dé bíi 11. Ọyẹ́ tó mú jù lọ́dọ̀ wa, àfẹ̀mọ́júmọ́ Jánúárì tí ètè ń bó, kì í sábàá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ míì ni pé ọyẹ́ gbẹ, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá oòrùn ti jáde, ara á ti yá, ṣùgbọ́n òtútù UK lómi nínú, ó ń wọ aṣọ, ó ń dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti fara da ọyẹ́ dáadáa nílé ṣì fi máa ń sọ pé "irú òtútù wo nìyí" nígbà tí dígírì ò tíì burú rárá.

Ọkitóbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán á ti wálẹ̀ sí bíi 16, òru á wà ní 9. Ẹ bá mi yọ dígírì kan tàbí méjì kúrò fún Leeds àti Manchester. Scotland tún tutù ju ìyẹn lọ, Glasgow àti Edinburgh wà ní bíi 16 lọ́sàn-án Sẹ̀tẹ́ńbà, 9 lóru, tó bá di Ọkitóbà ọ̀sán ò ní ju bíi 13 lọ. Dublin ní Ireland sún mọ́ ti Manchester, òjò ò sì jìnnà sí wọn. Berlin ní Jámánì, ọ̀sán Sẹ̀tẹ́ńbà jọ ti Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kí Ọkitóbà tó parí òru ibẹ̀ á ti lọ sí 6 tàbí kó tún kéré sí i.

Àwọn nọ́ńbà yìí, ohun tó sábàá máa ń rí ni o, kì í ṣe ìlérí. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2023, odindi ọjọ́ méje léraléra ni UK fi gun dígírì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní Sẹ̀tẹ́ńbà látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kó kìkì aṣọ tó ki wá lọ́sẹ̀ yẹn, ó jìyà ooru. Nítorí náà ẹ mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ mọ́ ẹrù yín, ẹ máa lò ó.

Kánádà nìkan ni mo máa ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù, torí pé Kánádà tóbi kọjá sísọ, ẹni tó ń lọ Toronto àti ẹni tó ń lọ Winnipeg ò lè múra bákan náà. Toronto ní Sẹ̀tẹ́ńbà dùn, bíi 21 lọ́sàn-án, 12 lóru, Ọkitóbà á di 14 àti 6. Winnipeg ní tiẹ̀, ọ̀sán Sẹ̀tẹ́ńbà ṣì lè jẹ́ 19 ṣùgbọ́n òru ti wà ní 6, tó bá fi máa di Ọkitóbà òru ń fọwọ́ kan òdo, ìyẹn ni pé omi ìta lè dì mọ́jú. Calgary, yìnyín lè já bọ́ níbẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà gan-an, kì í ṣe àlọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ apá ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ nílò jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìbọ̀wọ́ àti fìlà tó bo etí.

Amẹ́ríkà náà bẹ́ẹ̀. New York wà ní bíi 24 lọ́sàn-án Sẹ̀tẹ́ńbà, ó tura. Houston àti agbègbè ẹ̀ ní Texas níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ooru ló máa bá yín níbẹ̀, 32, pẹ̀lú òógùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ooru Lọ́kọ́ja ní Màáṣì, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ fi sọ́kàn pé dígírì ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, Fahrenheit ni wọ́n ń lò, ẹ má fòyà tẹ́ ẹ bá rí 68, dígírì 20 tiwa ni, 50 tiwọn ni 10 tiwa, 32 tiwọn ni òdo tí omi ń dì. Ẹ há mẹ́ta yẹn sórí, ó tó.

Ẹni tó ń lọ Dùbáì, ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ ọ́tọ̀ọ̀mù yìí sílẹ̀, Sẹ̀tẹ́ńbà ibẹ̀ lè dé 39, Ọkitóbà 35, òtútù tó wà níbẹ̀ ò ju ti ẹ́síì inú ilé ìtajà lọ. South Africa náà yí padà, tiwọn ni pé òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni, Sẹ̀tẹ́ńbà ni ewé tuntun ń yọ, Johannesburg gbóná lọ́sàn-án, ó tutù lóru, súẹ́tà kan á ṣe é.

Ó yá, ọ̀rọ̀ aṣọ. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Leeds, ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà, mo jí, oòrùn ràn wá sójú wíńdò bí oòrùn Ìsánlú gẹ́lẹ́, mo wo ìta mo ní áà, ṣé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nìyí. Mo wọ búláòsì ọlọ́wọ́ gígùn kan, jíìnsì, bàtà kánfáàsì, mo jáde. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ni atẹ́gùn gbá mi lójú, mo mí, èéfín jáde lẹ́nu mi, mo dúró mo tún mí kí n lè rí i dáadáa. Oòrùn ń ràn, kò gbóná. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, oòrùn òkè òkun ní ìgbà yìí, ìmọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe iná, ẹ má wo wíńdò fi mọ aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀. Ọ̀sán dé, ara tù mí, mo gbàgbé. Tó fi máa di aago mẹ́rin òjò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òjò tiwa tó máa ń ṣú dẹ̀dẹ̀, kí àrá sán, kó rọ̀ yàà, kó dá, kí èèyàn máa bá tiẹ̀ lọ, rárá o, wínníwínní ni, ẹ ò gbọ́ ariwo ẹ̀, ẹ rò pé kò tó nǹkan, bó ṣe ń rọ̀ náà nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Bọ́ọ̀sì tí mò ń dúró dè ò tètè dé, mo dúró fún ìṣẹ́jú ogójì. Kánfáàsì mi ti mu omi yó, jíìnsì lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ lu omi yẹn, mi ò mọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́. Fóònù mi ṣì ń sọ pé dígírì 12. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi gbádùn.

Dígírì 12 yẹn kọ́ ló ṣe mí, aṣọ tútù àti atẹ́gùn ni. Ara èèyàn máa ń ní ooru díẹ̀ tó fi bo ara ẹ̀, atẹ́gùn ló ń gbé ìyẹn lọ, aṣọ tó bá sì ti tutù ń fa ooru kúrò lára kíákíá. Ẹ rí i lórí fóònù, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà méjì, èyí tó wà gan-an àti bó ṣe máa rí lára, èyí kejì yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò.

Nítorí náà bí ẹ ṣe máa wọṣọ ni bí àgbàdo ṣe ń wọ háhá, ọ̀kan lórí ọ̀kan, tó ṣeé bó díẹ̀díẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí tíṣáàtì lábẹ́, súẹ́tà tí kò ki jù lé e, jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọ̀ lórí ẹ̀, kó ní ìborí tó ṣeé fà dé orí. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn ni olórí gbogbo ẹ̀. Kò ní láti nípọn, kí omi àti atẹ́gùn má ráàyè wọ̀ ọ́ ni. Agboòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, atẹ́gùn ibẹ̀ á yí i padà sókè, egungun ẹ̀ á kán, ẹ máa rí i nínú àpótí ìdọ̀tí káàkiri ìgboro. Tẹ́ ẹ bá wọ inú bọ́ọ̀sì tàbí kíláàsì, ooru wà níbẹ̀, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ bọ́ súẹ́tà, ẹ má jókòó sínú òógùn kẹ́ ẹ tún wá jáde sínú atẹ́gùn.

Bàtà ńkọ́, bàtà tí omi ò wọ̀, tí abẹ́ ẹ̀ kì í yọ̀, torí ewé yẹn tá a ní ó lẹ́wà, tó bá já bọ́ sílẹ̀ tí òjò pa á, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo ti rí àgbàlagbà tó ṣubú lórí ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin gan-an máa ń pẹ́ lásìkò yẹn torí ewé tó lẹ̀ mọ́ irin, àwọn tuntun á rò pé àwáwí ni, òótọ́ ni. Ìbọ̀sẹ̀, ẹ kó o dáadáa, mẹ́fà ó kéré tán, kẹ́ ẹ máa fi ọ̀kan sínú báàgì tẹ́ ẹ bá ń jáde.

Kóòtù ńlá, ẹ fi owó ẹ̀ sọ́wọ́. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfúrufú ń gbà fún ẹrù kan, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi mẹ́ta nínú ẹ̀ gbé aṣọ tí ò ní wúlò fún oṣù méjì. Níbí, ṣọ́ọ̀bù wà tí wọ́n ń pè ní ṣárítì, aṣọ àlòkù tó mọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, òkìríkà tiwọn ni ẹ pè é, kóòtù tó dáa wà níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń kó o wá, wọ́n ti mọ irú èyí tó ń gba òtútù ìlú wọn. Kánádà àti Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Ohun kan tó jẹ́ dandan ni pé kí jákẹ́ẹ̀tì, súẹ́tà kan àti ìbọ̀sẹ̀ kan wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú èyí tí wọ́n máa kó sísàlẹ̀ ọkọ̀, inú ọkọ̀ fúnra ẹ̀ tutù, ẹrù sì lè pẹ́ kó tó dé, ẹ sì lè sọ̀ kalẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀ sínú dígírì 9.

Kí n tó gbàgbé, ojú ọjọ́ tilé náà wà níbẹ̀ o. Àwa ará Okun tó ń gba Àbújá wọkọ̀, ọ̀nà Kàbà sí Ọbájánà sí Lọ́kọ́ja la máa gbà, ká tó wá kọjá Koton Karfe. Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọkitóbà yìí gan-an ni odò Ọya ń kún. Ẹ rántí 2012, ẹ rántí 2022, omi bo títì lápá Koton Karfe, àwọn ọkọ̀ tò sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn èèyàn sun ojú ọ̀nà. Ẹni tí ọkọ̀ òfúrufú ẹ̀ bọ́ sí àkókò yìí, ẹ gbọ́ ìròyìn omi láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ dé Àbújá ní ọjọ́ méjì ṣáájú tẹ́ ẹ bá ní ẹni tẹ́ ẹ lè dé sọ́dọ̀ ẹ̀. Tí omi bá ti ń wọ títì, kẹ́ ẹ gba Ẹ̀gbẹ̀ bọ́ sí Kwara, ó jìn, ṣùgbọ́n ẹ máa dé. Ẹ má ní ó di ọjọ́ ìrìn-àjò.

Ìjì ni nǹkan míì. Ní apá Amẹ́ríkà, àsìkò ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní hurricane bẹ̀rẹ̀ ní 1 Júùnù, ó parí ní 30 Nòfẹ́ńbà, àárín Sẹ̀tẹ́ńbà ló máa ń le jù torí pé òkun ti gbóná jálẹ̀ gbogbo ìgbà ooru. Ní 2024, ìjì Helene wọlé láti Florida ní alẹ́ 26 Sẹ̀tẹ́ńbà, ó rin ìrìn wọ inú ilẹ̀ títí dé àwọn òkè North Carolina tó jìnnà sí òkun, àgbàrá ibẹ̀ gbé ilé, gbé èèyàn lọ. Fiona náà kọlu Nova Scotia ní Kánádà ní 24 Sẹ̀tẹ́ńbà 2022. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé ilẹ̀ olókè níbẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ ò sí létí òkun. Ní UK, ìjì wọn kì í tó ìyẹn ṣùgbọ́n wọ́n ń fún un lórúkọ bí ọmọ tuntun, Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ tuntun lọ́dọọdún. Àwọ̀ mẹ́ta ni ìkìlọ̀ wọn, yẹ́lò, ámbà tó dà bí àwọ̀ ọsàn, rẹ́ẹ̀dì. Yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra. Ámbà, ẹ ro ìrìn-àjò yín lẹ́ẹ̀mejì. Rẹ́ẹ̀dì, ẹ jókòó sílé, ẹ má torí iṣẹ́ jáde, ẹ̀mí wà nínú ẹ̀. Wọ́n kéde rẹ́ẹ̀dì fún òjò ní Scotland ní Ọkitóbà 2023 nígbà ìjì Babet, omi wọ ilé àwọn èèyàn ní Brechin.

Inú ilé wá kù. Èyí ń dun àwọn tuntun ju ìta lọ, kò sì sí ẹni tó máa ń sọ fún wọn. Ilé wọn ní ẹ̀rọ amúlégbóná, hítà, ṣùgbọ́n owó ńlá ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ onílé àti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé ò ní tàn án ní Sẹ̀tẹ́ńbà, àwọn míì ní ó di Nòfẹ́ńbà. Ẹ máa jókòó sínú yàrá tó wà ní dígírì 15, ẹsẹ̀ á máa tutù. Ohun tó gbà mí ni kíjìpá ìyá mi, wọ́n hun ún ní Ògìdì látọjọ́ pípẹ́, mo mú un dání torí kí n lè ní nǹkan ìyá mi lọ́wọ́ ni. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo tẹ́ ẹ lé ẹsẹ̀ mi níbi tí mo ti ń kàwé. Ó wúwo, òwú ẹ̀ ki, ó há ooru mọ́ra, kò pẹ́ tí ìka ẹsẹ̀ mi fi yá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ò ṣe tó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kíjìpá nílé, tẹ́ ẹ fi ń bo àpótí, ẹ mú ọ̀kan dání. Kẹ́ ẹ tún ra rọ́bà tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí, tí wọ́n ń gbé sórí bẹ́ẹ̀dì, kò wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná èédú, àdògán tàbí sítóòfù kẹrosíìnì wọ yàrá láti fi yáná. Ilé tiwa ní fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà, ilé wọn dí pa. Gáàsì kan wà lára èédú tó ń jó tí ò lóòórùn, tójú ò rí, ó ń pa èèyàn lójú oorun láìjẹ́ kó jí.

Awọ ara máa gbẹ tí hítà bá bẹ̀rẹ̀, òrí tiwa ló dáa jù fún un, ẹ fi pa ara nígbà tí omi ìwẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Oòrùn ń dín kù, ara wa tó dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ kó tó lè ṣe fítámì D, ètò ìlera UK ní kí gbogbo èèyàn rò ó láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ ní ọ́tọ̀ọ̀mù àti wíńtà, wọ́n ní kí àwa aláwọ̀ dúdú rò ó jálẹ̀ ọdún. Kò wọ́n, inú ṣọ́ọ̀bù lásán ló wà. Àwọn aboyún àti àwọn ọmọdé, tí wọ́n bá ti pè wọ́n fún abẹ́rẹ́ fúlúù, kí wọ́n lọ.

Òkùnkùn ni mo fẹ́ fi kádìí ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ló gba omijé lójú mi ju òtútù lọ. Lọ́dọ̀ wa, yálà Jánúárì yálà Júlàì, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni ilẹ̀ ń ṣú, a ò tiẹ̀ ń ro ó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú 45, ẹ máa ní ọjọ́ gùn jù. Láti ìgbà yẹn, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọjọ́ ń pàdánù lójúmọ́, ẹ ò ní fura. Tó bá di 1 Ọkitóbà, nǹkan bí 6:40 ni. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú Ọkitóbà ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn wákàtí kan, UK àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bí oṣù bá fi parí, aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀. Ọmọ máa jáde ní kíláàsì sínú òkùnkùn, á rò pé alẹ́ ti lẹ́, ebi alẹ́ á máa pa á. Ọkàn máa ń rẹ̀wẹ̀sì, a máa rò pé nǹkan ń ṣe wá. Ẹ jáde lọ́sàn-án, ogún ìṣẹ́jú tó, kódà tí kùrukùru bá wà, ẹ má sé ara yín mọ́lé, ẹ lọ bá àwọn ará ilé níbi ìpàdé Okun tó bá wà nítòsí.

Aago yẹn náà kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Látìgbà tí ọmọ bá dé ní Sẹ̀tẹ́ńbà, aago kan náà ni Ìsánlú àti UK ń lò, ẹ lè pè é nígbà tó bá wù yín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú yẹn, UK á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa títí di ìparí Màáṣì. Toronto ní tiẹ̀ fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn, á di mẹ́fà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Nòfẹ́ńbà, Houston fi mẹ́fà wà lẹ́yìn, á di méje lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ti UK sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri pálọ̀ wọn, wọ́n fi bírò pupa yí ọjọ́ náà po, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé láti òní lọ, mẹ́sàn-án alẹ́ wa ni mẹ́jọ ẹ̀.